Fọ́tò Yeonju Tí Yeonju Kò Rí

Yeonju ti wá ojú ara rẹ̀ títí lórí ìkànnì Hyeonmok, kò rí i.

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ń wá a. Obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù, kò yẹ kó máa fi ìka ti ojú fóònù sókè sódò bí ọmọ iléèwé nítorí fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti jáde, tí òmíràn kò tíì gun àtẹ̀gùn dé, ọwọ́ rẹ̀ á ti lọ síbẹ̀. Ìkànnì náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Fọ́tò ni látòkè délẹ̀: èbúté Tongyeong, ìlú wọn, nígbà tí kùrukùru bò ó, àwọn ọkọ̀ apẹja tí wọ́n so mọ́ra wọn, ìlẹ̀kùn onípákó tí iyọ̀ òkun ti jẹ, àwọn erékùṣù tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìyá adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ló lè wò ó. Àwọn ará Seoul tí kò rí Hyeonmok sójú rí máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sábẹ́ wọn.

Ohun tó ń rú Yeonju lójú ni pé Hyeonmok kì í yé ya òun náà. Ó yà á létí èbúté níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé. Ó yà á nídìí dùùrù. Ó yà á lọ́jọ́ tí atẹ́gùn gba ìborùn rẹ̀, tó ń sáré lé e bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra, níbo ni gbogbo fọ́tò yẹn ń lọ? Ẹni tó ń fi ìlẹ̀kùn jíjẹrà han gbogbo ayé, kí ló dé tí kò lè fi olólùfẹ́ rẹ̀ han ẹnì kan ṣoṣo?

"Ṣé ó pa mí mọ́ ni," ó bi ara rẹ̀, "àbí ó fi mí pamọ́?"

Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, ṣùgbọ́n ohun iyebíye là ń pa mọ́, ohun ìtìjú là ń fi pamọ́. Yeonju kò mọ èwo ni òun.

Fọ́tò náà ló sì kúkú mú kí wọ́n mọ ara wọn. Nígbà tí òdòdó ṣẹ́rì ń rẹ̀ dànù lójú pópó, Yeonju ń wá àwòrán tí yóò lẹ̀ sára ìpolówó ọjọ́ orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó kan àtẹ̀gùn òkúta kan lórí ìkànnì yìí, ó wò ó, ó tún un wò. Àtẹ̀gùn àdúgbò tiwọn ni. Fèrèsé tó wà lókè, tí kọ́tínnì rẹ̀ yọ síta bí ahọ́n, tirẹ̀ ni. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ìkànnì náà pé: "Ẹ ya fèrèsé mi láìtọrọ àyè. Ṣé mo lè yá a padà?"

Ọkùnrin náà kò fèsì lórí fóònù. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn wá, òórùn epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Gu Hyeonmok lorúkọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ló ń tún ṣe ní òdìkejì afárá, ní erékùṣù Mireuk.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn."

"Ta lẹ wá rò pé ó ń ta dùùrù?"

"Mo rò pé rédíò ni."

Yeonju wò ó. "Ṣé ẹ̀ ń yìn mí ni àbí ẹ̀ ń bú mi?"

"Rédíò tó dáa," ó ní, ojú sì tì í débi pé etí rẹ̀ pọ́n.

Kí òjò ìgbà ooru tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, "ẹ" ti kúrò lẹ́nu wọn, "o" ló kù, Yeonju sì ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń pe olólùfẹ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e: lọ́sẹ̀ méjì méjì, tó bá ti di Sátidé, Hyeonmok á ní òun ń lọ ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ní Busan. Yeonju kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Ó gbà pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń bàjẹ́.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú, Hyeonmok mú un lọ sílé àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ọjà Seoho ń pè ní Ìyá Dong-ha, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe kímṣì ọdún, ewé oníata tí wọ́n ń pa mọ́ jẹ nígbà òtútù. Àwọn obìnrin ìdílé náà jókòó yí ọ̀pọ́n ká, wọ́n ń fi ata pa ewé lára, wọ́n ń bú ọkọ ara wọn. Wọ́n fún Yeonju ní ìbọ̀wọ́ pupa àti agbọ̀n aáyù kan. Ó bó o títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Hyeonmok dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ya fọ́tò.

"Ṣé o ti bá ìyá ọmọ yìí sọ̀rọ̀?" Ìyá Dong-ha bi í.

"Kò fẹ́ rí mi," Hyeonmok dáhùn. "Ó ní òun ò tọ́ ọmọ olórin fún oníẹ́ńjìnnì."

"Fi sílẹ̀ fún mi. Èmi ni màá ṣe alárinà. Mò ń ta ewé òkun, ó ń ta ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, ìsọ̀ wa dojú kọra láti ogún ọdún. Obìnrin yẹn le bí ọjà tó ń tà. Ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ náà ní bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Yeonju náà rẹ́rìn-ín. Ìdùnnú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò lábùlà, ó sì pa dà sílé pẹ̀lú òórùn aáyù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni òun àti ìyá rẹ̀ jókòó ti oúnjẹ alẹ́. Láti ìgbà tí bàbá Yeonju ti bá òkun lọ, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé náà. Ìyá rẹ̀ gbé igi ìjẹun rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó tò wọ́n dọ́gba.

"Láti ìgbà wo lo ti ń bó aáyù fún ìdílé ẹlòmíì?"

Ṣíbí dúró lẹ́nu Yeonju. "Aáyù wo, Màmá?"

"Aáyù. Ìbọ̀wọ́ pupa lọ́wọ́ ẹ, o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o ń sunkún, o tún ń rẹ́rìn-ín. Bí èmi bá ní kó o bó aáyù, ìka á máa dùn ẹ́ nítorí dùùrù."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ojú mi ni mo fi rí i. Ìyá Dong-ha gbé fóònù wá síwájú ìsọ̀ mi, ó ní òun wá tọrọ ọmọ, ó ní, 'Ẹ wò ó, àwa ti kà á mọ́ra wa.' Wọ́n kà ẹ́ mọ́ra wọn, wọn ò bi mí. O wà láàárín fọ́tò àwọn bàbá-ńlá wọn tó ti kú, o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ètùtù wọn. Ó dà bíi pé mo ti sin ẹ́ relé ọkọ, mo wá gbàgbé." Ó mu omi. "Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dùn mí tó ti ọmọ."

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ tí ọkùnrin tó o fẹ́ fẹ́ bí. Ọmọbìnrin kan, eyín iwájú rẹ̀ ti bọ́. Ọkùnrin ẹ gbé e sọ́rùn. Fọ́tò mìíràn tún wà, ti ọjọ́ tí ọmọ náà pé ọdún kan, òun àti obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ òsùmàrè fún ọmọ náà, ọkùnrin ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣé o mọ̀ pé ó ti gbéyàwó rí?"

Yeonju rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ṣí ìkànnì náà, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyá rẹ̀. "Ẹ fi hàn mí."

Ìyá rẹ̀ wọ awò ojú. Ó fi ìka ti àwọn fọ́tò náà lọ, díẹ̀díẹ̀. Èbúté. Ọkọ̀. Ìlẹ̀kùn. Ó dé ìsàlẹ̀, ó tún gòkè pa dà.

"Ọkọ̀ pupa yìí wà lórí ti Ìyá Dong-ha. Òun ló wà lókè níbẹ̀ náà. Aáyù ló tẹ̀ lé e. Kí ló dé tó jẹ́ ìlẹ̀kùn ló tẹ̀ lé e níbí?"

"Nítorí pé ìlẹ̀kùn ló ń tẹ̀ lé e láti ọjọ́ yìí, Màmá."

"Ṣé o ń sọ pé ojú mi ti fọ́ ni?"

"Mò ń sọ pé ẹ kò fẹ́ Hyeonmok láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbọ́ pé mẹkáníìkì ni."

Ìyá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò pariwo. "Bó o ṣe kéré tó lọ́jọ́ tí bàbá ẹ kú, gbogbo ẹbí ní kí n sọ fún ẹ pé ó rìnrìn àjò. Mo sọ òótọ́ fún ẹ. Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni màá wá bẹ̀rẹ̀ irọ́?"

Ó kó abọ́ lọ. Yeonju jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù tó ti ṣókùnkùn níwájú rẹ̀. Ìyá òun kì í purọ́. Ojú òun fúnra òun náà kò purọ́, kò sí ọmọ kankan lórí ìkànnì yìí. Bí wọ́n bá sì ní òkúrorò ìyá ló ń dọ́gbọ́n ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ta ló sọ fún un pé ìbọ̀wọ́ náà pupa?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Ìyá Dong-ha lọ́jà. Obìnrin náà ń di ewé òkun ní ìdì, ó sì kí i bí ẹni kí ìyàwó ilé.

"Ẹ jẹ́ kí n rí fóònù yín," Yeonju ní.

Ìyá Dong-ha nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí i fún un. Ojú ewé kan náà ni. Ọkọ̀ pupa wà lókè. Lẹ́yìn rẹ̀, Yeonju rí Yeonju. Ìbọ̀wọ́ pupa, ojú tó ń dami, ẹ̀rín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlẹ̀kùn náà wá dé. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, Yeonju tó sùn lọ nínú ọkọ̀ èrò tó fi orí ti gíláàsì. Erékùṣù mẹ́ta. Bàbá àgbà kan lórí ibùsùn àìsàn. Yeonju tó ń lé ìborùn. Ó dà bí ẹni tó wọ ilé tí kò wọ̀ rí, tó wá bá ara rẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹun.

"Kí ló dé tí tèmi kò rí báyìí?"

"Bí Hyeonmok ṣe tò ó nìyẹn," Ìyá Dong-ha ní. "Àwọn kan jẹ́ ti gbogbo ayé, àwọn kan jẹ́ ti ẹbí. Bó o bá fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tó fún ẹ wọlé, ti ẹbí á yọ jáde láàárín ti ayé. Bó ò bá ní in, o ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan fò." Ó wo ojú rẹ̀. "Kò fún ẹ?"

Yeonju ń fi ìka ti àwọn fọ́tò náà lọ. Ìka rẹ̀ ti dé orí ọmọdébìnrin kan tó jókòó lé Hyeonmok léjìká, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì kò sí níbẹ̀.

"Ta nìyí?"

Ìdì ewé òkun bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. "Má sọ fún mi pé kò tíì sọ fún ẹ."

"Kò sọ nǹkan kan fún mi."

"Saerom ni. Ọmọ rẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà ní Busan, wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, ó pẹ́. Ó ṣèlérí fún mi pé òun á sọ fún ẹ kí a tó ṣe kímṣì. Nígbà tó o wá, tó ò ń rẹ́rìn-ín, mo ní, a dúpẹ́, ó ti gbọ́, ó sì ti gbà." Ó jókòó lórí àpótí. "Alárinà ni mo pe ara mi, mo wá di atúlé. Ẹnu mi yìí náà."

Hyeonmok wà lábẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n fà gòkè sórí ilẹ̀ nígbà tí Yeonju dé. Ó rí bàtà rẹ̀, ó sì rọra jáde.

"Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì," Yeonju ní. "Láti Busan."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó ń nù ún lọ. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ni kò mọ̀? Àǹtí ẹ mọ̀. Ìyá mi mọ̀, mo sì pè é ní onírọ́ nídìí oúnjẹ. Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó mọ̀ mí?"

"Ó mọ̀ ẹ́."

"Báwo?"

"Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ṣe ìkànnì náà. Nígbà tí wọ́n kó lọ, ó máa ń bèèrè ohun tí mo rí lójúmọ́, mo wá ń ya òkun fún un. Ìyá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo ojú ọmọ, mo ní kò burú. Bí mo ṣe pín in sí méjì nìyẹn. Òkun àti ìlẹ̀kùn jẹ́ ti ayé. Ojú èèyàn jẹ́ ti ẹbí."

"Obìnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀."

"Ìyá ọmọ ni. Bí mo bá yọ ọ́, ti ta ni ọmọ á máa wò?"

Inú bí Yeonju pé òótọ́ ni. "Èmi wá ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Gu ti rí ibi tí mo ti sùn lọ tí mo la ẹnu sílẹ̀, àfi èmi. O fi mí sáàárín ẹbí ẹ, o wá tilẹ̀kùn mọ́ mi síta."

"Bí mo bá fún ẹ ní ọ̀rọ̀ náà, Saerom lo máa kọ́kọ́ rí. Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ọ́ kó o tó fojú rí i. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ pé màá sọ fún ẹ tó bá di Sátidé. Tó bá di Sátidé, mo ti wà nínú ọkọ̀ Busan."

"Ṣé ẹ̀rù mi ló bà ẹ́?"

"Ẹ̀rù pé wàá lọ ló bà mí."

"O ò sì jẹ́ kí n mọ̀ bóyá màá lọ." Ó yí pa dà. Hyeonmok kò tẹ̀ lé e. Nígbà tó rìn dé orí afárá, Yeonju kò mọ̀ mọ́ bóyá irọ́ náà ló ń dun òun ni, àbí pé àwọn fọ́tò yẹn lẹ́wà. Kò sẹ́ni tó tíì wo òun báyẹn rí. Ẹni tó ń wo èèyàn báyẹn, báwo ló ṣe lè máa lọ ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí kò sí?

Òtútù ọdún náà gùn. Yeonju rò pé ìyá òun á máa yọ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà kò yọ̀. Ó kàn wá ọkùnrin kan fún un, ọmọ oníṣègùn eyín, wọ́n sì jọ mu kọfí. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ nípa gọ́ọ̀fù títí kọfí fi tutù.

"Báwo ló ṣe rí?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

"Ọwọ́ tó mọ́ kò burú."

"Kò burú, Màmá."

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹja wẹ́wẹ́, ó ń ya èyí tó ti já sọ́tọ̀. Nígbà tó yá ló sọ, láìgbójú sókè: "Ọmọ tó wà ní Busan yẹn, tó bá ń bọ̀ wá síbí, ta ló máa fi í wọkọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó yẹ kí ẹnì kan mọ̀."

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù Yeonju. Hyeonmok ni. "Ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ nìyí. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó o pa dà. Fọ́tò ẹ ni, kò yẹ kí ẹlòmíì máa rí i kí ìwọ má rí i. Bó o bá fẹ́ kí n yọ gbogbo wọn, sọ fún mi."

Yeonju kò fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé tí òun bá wọlé, òun á di ẹbí láìtíì pinnu. Ẹ̀rù tún bà á pé tí òun kò bá wọlé, wọn á yọ òun kúrò, òun á sì ti wà níbì kan nínú ayé yìí tí òun kò dé rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá, ó jókòó sídìí dùùrù, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà.

Ó wo gbogbo rẹ̀. Ó wo ìyá Saerom pẹ́, obìnrin ojú rírẹ̀ tó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò sì rí nǹkan kan tó lè kórìíra lára rẹ̀. Ó wo bàbá Hyeonmok kí ó tó kú. Ó wá dé orí ara rẹ̀ nídìí dùùrù, ìgbà ooru, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ẹni tó ń yà á. Wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

"Dádì, ta ni àǹtí yìí?"

"Olùkọ́ dùùrù ni."

"Ṣé ó máa ń bínú téèyàn bá ṣe àṣìṣe?"

"Mi ò mọ̀. Màá bi í."

Lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí ewé ti ń wọ́: "Dádì, ṣé ẹ ti bi í?" Àti lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà òtútù: "Dádì, ẹ ò tíì bi í ni?"

Kò sí èsì lábẹ́ ìyẹn.

Yeonju gbé fóònù lé orí dùùrù. Ó rìn yí yàrá náà ká. Bàbá tí kò lè bèèrè, ọmọ tí kò yéé bèèrè. Ó rò ó pé kí òun pa á dé, kí òun sì lọ wá nǹkan jẹ. Inú ṣì ń bí i. Ó tún jókòó, ó wá kọ ọ́ fúnra rẹ̀: "Mo máa ń bínú. Kì í pẹ́ púpọ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, èsì ti wà níbẹ̀. "Tó bá jẹ́ àṣìṣe ńlá ńkọ́?"

Ó wò ó lọ wò ó bọ̀. Kò mọ̀ bóyá ọmọ náà kọ ọ́ láti inú ara rẹ̀ ni, àbí ó gbọ́ nǹkan kan nílé. "Mi ò tíì mọ̀," ó kọ. "Wá ṣe é níwájú mi ká rí i."

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, Hyeonmok pè é pé Saerom ń bọ̀, pé bí kò bá wù ú, òun á wá àlàyé ṣe fún ọmọ. Yeonju ní òun á wà ní ibùdókọ̀. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, ọkọ̀ Busan kò tíì dé.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyá fún ọmọ ọlọ́mọ," Yeonju ní.

"Ó ní ìyá. Kò wá ìyá."

"Kí ni màá wá jẹ́ fún un?"

"Mi ò mọ̀."

"O mọ nǹkan tó pọ̀ tó o kì í sọ. Èyí tí ò ń sọ, o ò mọ̀ ọ́n."

"Àwa méjèèjì lè jọ má mọ̀ ọ́n," Hyeonmok ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ sí Busan mọ́ láìsọ ohun tí mò ń lọ ṣe."

Yeonju fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti wọlé, ọmọdébìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ń hù sì ti dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo àwọn ìka Yeonju.

Ìyá Yeonju ní òun kò ní rí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó wá sí yàrá dùùrù, ó ní ẹja lòun gbé wá, òun kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Saerom ń ta orin kan, ó ṣì í, ó dá ọwọ́ dúró, ó yíjú wo Yeonju bóyá ó ń bínú. "Tún un ta," Yeonju ní. Ó tún un ta, ó tún ṣì í níbẹ̀ gan-an.

"Ebi ló ń pa á," ìyá Yeonju ní láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ìwọ, ṣé o máa ń jẹ ewé òkun?"

"Mo máa ń jẹ ẹ́, Màmá àgbà."

"Èmi kọ́ ni màmá àgbà ẹ."

"Kí ni kí n máa pè yín?"

Ìyá náà tú ìdì ẹja tó gbé wá. "Jẹun ná," ó ní níkẹyìn.

Nígbà tí Ìyá Dong-ha tún wá tọrọ ọmọ, kò mú fóònù dání. "Ẹ ti fi àwòrán ba ti àkọ́kọ́ jẹ́," ìyá Yeonju sọ fún un. "Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fẹnu sọ gbogbo ohun tó wà nílé yẹn fún mi, títí kan èyí tí ń rùn." Ìyá Dong-ha sì sọ ọ́, láàárín ewé òkun àti ẹja gbígbẹ, títí àwọn oníbàárà fi sú lọ.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní gbọ̀ngàn kékeré kan tó kọjú sí èbúté, nígbà tí òdòdó ṣẹ́rì tún yọ. Ìyá Saerom fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, ó tún irun rẹ̀ dì, kò wọlé. Yeonju rí i láti ojú fèrèsé. Àwọn méjèèjì tẹrí ba fún ara wọn látòkèèrè, Yeonju kò sì mọ ohun tó wà nínú ìtẹríba náà, bóyá ìdágbére ni, bóyá ẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn ètò, onífọ́tò tí wọ́n háyà to àga, ó pariwo pé, "Ẹbí nìkan. Àwọn ọ̀rẹ́ á ya tiwọn lẹ́yìn."

Àwọn ará ilé Gu gòkè síbi ọkọ, àwọn ará ilé Tak, ìdílé Yeonju, síbi ìyàwó. Saerom ti wà lórí pèpéle tẹ́lẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Bàbá rẹ̀ wà níwájú, kámẹ́rà ló ń wò. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó kàn rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ dúró sáàárín àwọn àlejò, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Yeonju rí i. Ó fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ tó yẹ kó fi pè é sókè níwájú gbogbo ènìyàn: ọmọ mi ni, àbí ọmọ rẹ̀, àbí Saerom lásán. Kó tó pinnu, ìyá rẹ̀ ti kúrò lórí ìlà pẹ̀lú aṣọ tuntun rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láìdúró kí wọ́n dì í mú, ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Níbo lò ń lọ? Ṣé wọ́n ní kó o lọ ni?"

"Wọ́n ní ẹbí nìkan."

"Ṣé etí ẹ ló ń dùn ẹ́ ni àbí tèmi? Gòkè. Dúró sí iwájú mi níbí. Gbé àgbọ̀n ẹ sókè."

Onífọ́tò ti tẹ kámẹ́rà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un yà, pé àwọn kan kò wo iwájú, ó sì tún un yà lóòótọ́, èyí dára, gbogbo ojú dọ́gba. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni Yeonju mú. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló ń wo kámẹ́rà àfi mẹ́ta: ìyá tó la ẹnu ìbáwí, ọmọ tó ń wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú, àti ìyàwó tó yí ọrùn pátápátá, tó ń wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó bèèrè pé kí ni òun máa jẹ́ fún ọmọ yìí, tí kò tíì gbọ́ ìdáhùn tán.